Láti Orí Káàdì Oníhò Dé Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Ìtàn Orin Tí Wọ́n Ń Fi Kóòdù Kọ Lójú Agbo

Fífi kóòdù kọrin lójú agbo, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí live coding, ni kí olórin jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níwájú òǹwòran, kí ó máa tẹ àṣẹ sínú rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́, kí ohun tí ó ń kọ sì hàn gbàgàdà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Kò sí dùùrù, kò sí gìtá níwájú rẹ̀. Ohun tí ó kọ ló ń dún. Bí ó bá yí nọ́ńbà kan padà, orin á yí padà tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó sì ń tì í síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ìdúró: báwo ni ó ṣe máa pẹ́ tó láàárín ìgbà tí ènìyàn kọ nǹkan àti ìgbà tí ó máa gbọ́ ọ? Bí àkókò yẹn ṣe ń kúrú sí i ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan ń rí àyè wọlé.

Èrò pé ẹ̀rọ oníṣirò lè dá orin sílẹ̀ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1843, Ada Lovelace, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ àlàyé gígùn nípa ẹ̀rọ tí Charles Babbage ń gbèrò láti kọ́. Ó sọ nínú rẹ̀ pé bí a bá lè sọ ìbátan tí ó wà láàárín ìró kan àti òmíràn di ohun tí ẹ̀rọ lè fi ṣe ìṣirò, ẹ̀rọ náà lè hun orin tí ó díjú, bó ti wù kó gùn tó. Babbage kò kọ́ ẹ̀rọ náà parí títí ó fi kú, ọ̀rọ̀ Lovelace sì wà nínú ìwé fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè dán an wò.

Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò kò fi bẹ́ẹ̀ ka orin sí. Ní 1951, kọ̀ǹpútà CSIRAC ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kọrin láti inú sípíkà tí wọ́n fi sára rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa gbọ́ bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, kọ̀ǹpútà Ferranti Mark 1 ní Manchester kọ orin ìyìn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ BBC sì gbà á sílẹ̀. Orin tí tọmọdé tàgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kàn tún un kọ ni.

Max Mathews ló sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́. Ẹnjiníà ni ní Bell Labs, ní Murray Hill ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí wọ́n ti ń wádìí bí ohùn ènìyàn ṣe lè gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá láìbàjẹ́. Ní 1957 ó kọ ètò kan tí ó pè ní MUSIC, kọ̀ǹpútà IBM 704 sì fi í gbé orin kékeré kan jáde, The Silver Scale, tí Newman Guttman kọ, tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 17 lọ. Ọ̀nà tí ìṣẹ́jú àáyá 17 yẹn gbà jáde ló yẹ kí a wò dáadáa. Akọrin á kọ́kọ́ ro gbogbo orin náà tán lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu ihò sára káàdì, káàdì kan fún ìró kan, tí yóò sọ ìgbà tí ìró náà máa bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe máa pẹ́ tó, bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ga tó àti bí ó ṣe máa le tó. Wọ́n á gbé káàdì wọ̀nyí lọ sí Manhattan, níbi tí IBM ti ní kọ̀ǹpútà náà. Kọ̀ǹpútà á ṣe ìṣirò ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, á sì kó wọn sórí téèpù. Téèpù yìí ni wọ́n á gbé padà sí New Jersey, kí ẹ̀rọ mìíràn tó sọ nọ́ńbà di ohun tí etí lè gbọ́. Bí ìró kan bá ṣì, kí wọ́n tún káàdì lù ni, kí wọ́n sì tún mọ́tò gbé.

Ètò MUSIC bí ọmọ púpọ̀. Mathews fúnra rẹ̀ tún un ṣe léraléra, àwọn yunifásítì gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Csound, tí Barry Vercoe gbé jáde ní MIT ní 1986, wà lára àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àwọn olórin sì ń lò ó títí di òní. Ohun tó jẹ́ ogún pàtàkì níbẹ̀ ni èrò pé kí wọ́n fọ́ ohùn sí wẹ́wẹ́: ẹ̀yà kan máa pèsè ìró, ẹ̀yà kejì máa dín ariwo rẹ̀ kù, ẹ̀kẹta máa pinnu bí ó ṣe máa wọlé àti bí ó ṣe máa lọ, kí olórin sì so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ìdúró ò kúrò níbẹ̀. Ní yunifásítì, ẹni tó bá fẹ́ kọrin á fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, á sì máa retí. Irú orin bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fi ṣeré. Ẹni tí kò bá ti mọ ohun tí ó ń fẹ́ pátápátá kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ó ń fẹ́.

Ilẹ̀kùn kejì ṣí nígbà tí kọ̀ǹpútà kéré tó ohun tí ènìyàn lè fi sábẹ́ abíyá. KIM-1 jáde ní 1976 ní iye dọ́là 245: pátákó kan ṣoṣo tí gbogbo wáyà rẹ̀ hàn síta, tí agbára ìrántí rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 1 àti díẹ̀ lọ. Ní agbègbè San Francisco, Jim Horton, John Bischoff àti Rich Gold ra tiwọn, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1978 tí wọ́n pè ní The League of Automatic Music Composers. Kọ̀ǹpútà kan á máa gbọ́ ohun tí èkejì ń ṣe, á sì yí tirẹ̀ padà, àwọn olórin á sì jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ níbi tó bá yẹ. Níbí yìí, kọ̀ǹpútà ń kọrin níwájú ènìyàn, ẹni tó ni ètò náà sì wà nídìí rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí wọ́n máa kọ ètò náà gan-an lójú agbo. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Ron Kuivila, ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, nígbà tí ó kópa nínú eré kan ní STEIM, ilé ìwádìí ohùn àti ẹ̀rọ ní Amsterdam, ní 1985. Èdè Forth ni ó lò, èdè tí ó máa ń ṣe iṣẹ́ tí a bá rán an lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, láìdúró de ìtumọ̀ gígùn. Ìtàn náà sọ pé kọ̀ǹpútà náà dákú lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ibẹ̀ sì ni eré parí sí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí kì í fi ìtàn yẹn pamọ́. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni kọ̀ǹpútà alágbèéká lágbára tó láti dá ohùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn olórin sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e lọ sí orí ìtàgé. James McCartney, ní Amẹ́ríkà, gbé SuperCollider jáde ní 1996, èdè tí olórin lè fi dá ohùn sílẹ̀, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí ó ń dún lọ́wọ́. Ní 2002 ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, kóòdù rẹ̀ sì wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe. Ìpinnu yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe jọ lójú lọ, torí orí SuperCollider ni púpọ̀ nínú àwọn ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lónìí dúró lé. Wọ́n kàn fi aṣọ mìíràn bò ó ni.

Ẹ̀sùn tuntun kan sì bá kọ̀ǹpútà alágbèéká wọlé. Òǹwòran á san owó ìwọlé, á rí ọkùnrin kan tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ìka rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò sì ní mọ̀ bóyá orin ló ń kọ tàbí lẹ́tà ló ń kà. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Adrian Ward àti Alex McLean, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Slub sílẹ̀ ní London ní 2000, fún ẹ̀sùn yìí ní ìdáhùn tó rọrùn: wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà wọn sára ògiri. McLean ń fi èdè Perl, tí àwọn òṣìṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wọn, kọrin ijó nínú ilé ijó alẹ́. Dave Griffiths dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, ó mú àwòrán tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà wá. Kì í ṣe gbogbo òǹwòran ni kóòdù náà ń yé, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀, wọ́n rí ìgbà tí olórin ṣì í kọ, wọ́n rí i tí ó pa á rẹ́ tí ó sì tún un kọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri Yúróòpù pàdé ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, níbi ìpàdé kan tí Julian Rohrhuber wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ilé ọtí kan tí èéfín sìgá kún ni wọ́n jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ TOPLAP sílẹ̀. Orúkọ náà ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan nínú lẹ́tà rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ènìyàn lè fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn, àwàdà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni. Wọ́n kọ ìwé ìpinnu kan tí ó ń béèrè pé kí olórin má fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pamọ́, kí òǹwòran sì lè rí inú ọkàn olórin láti inú ohun tí ó ń kọ. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n pe ìwé náà, wọn kò sì sọ pé ó parí.

Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti pín sí ọ̀nà púpọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Ní Ọsirélíà, Andrew Sorensen kọ èdè Impromptu ní 2005, ó sì ń fi í kọ orin tó jọ ti dùùrù àti gòjé ju ti ilé ijó lọ. Ní ìlú Mẹ́síkò, ní Centro Multimedia, wọ́n gbé òfin kan kalẹ̀ tó le: olórin á bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ewé òfìfo, ìṣẹ́jú 9 péré ni ó sì ní. Kò sí kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ láti ilé. Bí ìṣẹ́jú 9 bá pé, ó tán nìyẹn, kí ẹlòmíràn bọ́ sí i. Òfin yìí dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, torí ojú ewé òfìfo ti ọ̀gá kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ìgbìyànjú púpọ̀ nínú irú ìṣẹ́jú 9 bẹ́ẹ̀ kì í sì í dùn. Àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún un bákan náà.

Èdè tí ó wá gbajúmọ̀ jù fún orin onílù ni Tidal, tí Alex McLean bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní nǹkan bí 2009, tí wọ́n wá ń pè ní TidalCycles. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró kọ̀ọ̀kan rárá. Ayípo ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀: olórin á kọ ohun tó wà nínú ayípo kan, ètò á sì pín àkókò fún wọn bọ́gba. Bí ó bá kọ orúkọ ìlù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ìdajì. Bí ó bá fi ẹ̀kẹta kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ìdá kan nínú mẹ́ta, láìjẹ́ pé ayípo náà gùn sí i. Ọ̀nà ìkọ̀wé yìí gba èrò láti inú Bol Processor, ètò tí Bernard Bel kọ fún ìwádìí ìlù tabla ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn onílù ti ń fi ẹnu pe ìlù kí ọwọ́ tó lù ú.

Inú Tidal ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ Yorùbá àti Kúbà. Ní 2005, Godfried Toussaint, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ṣàkíyèsí ohun kan. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bjorklund ti wá ọ̀nà láti pín iye ìlù kan sáàárín iye àyè kan kí wọ́n jìnnà síra bọ́gba bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ̀rọ ìwádìí físíìsì ló ń ṣe é fún, kò ro ti orin. Toussaint rí i pé ìlànà náà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ìṣirò tí Euclid ti kọ sílẹ̀ láti ayé àtijọ́, àti pé ohun tó ń mú jáde jọ ìlù tí àwọn ènìyàn ti ń lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pín ìlù 3 sínú àyè 8, yóò di: lu, dákẹ́, dákẹ́, lu, dákẹ́, dákẹ́, lu, dákẹ́. Ìlù tí àwọn ará Kúbà ń pè ní tresillo nìyẹn. Pín 7 sínú 12, yóò di: lu, dákẹ́, lu, lu, dákẹ́, lu, dákẹ́, lu, lu, dákẹ́, lu, dákẹ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti orí ìlù kẹta, agogo tó ń darí ọ̀pọ̀ ìlù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jókòó yẹn, èyí tí Anthony King kọ̀wé lé lórí ní 1960 nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń lò ó, tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá tó wà ní Kúbà, sì ń lù nínú bẹ̀ḿbẹ́ wọn.

Nínú Tidal, ẹni tó bá fẹ́ ìlù yìí á kọ orúkọ ohùn, á sì fi 7 àti 12 sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà kẹta á sún ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó kọ́ ọ lónìí lè gbọ́ ọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí ṣá o. Ìṣirò náà kàn ń sọ ibi tí ìlù máa bọ́ sí ni. Kò sọ èyí tí a máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí a máa fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lù, kò mọ ìgbà tí oníjó ti rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Àwọn onílù ló ni ìlù náà kí Euclid tó wá bá wọn níbẹ̀.

Ní 2011, McLean àti Nick Collins wà nínú mọ́tò, wọ́n ń lọ sí Nottingham, nígbà tí èrò ayẹyẹ ijó tí kóòdù nìkan máa ń kọrin fún sọ sí wọn lọ́kàn. Algorave ni wọ́n pè é, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní London ní 2012. Ó tàn kálẹ̀ kíákíá lọ sí Mẹ́síkò, Jàpáànù, Ọsirélíà àti Kánádà. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àpéjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé ijó ni wọ́n wá jó, wọn ò wá gbọ́ àlàyé. Joanne Armitage àti Shelly Knotts, tí wọ́n jọ ń ṣeré gẹ́gẹ́ bí ALGOBABEZ, wà lára àwọn obìnrin tó ń kọ́ àwọn obìnrin mìíràn níṣẹ́ náà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí orí ìtàgé ti ń kún fún ọkùnrin nìkan. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé kí ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè ṣubú láìsí ìtìjú.

Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó mọ kóòdù ló ń wá kọ́ orin, tàbí olórin tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ló ń wá kọ́ kóòdù. Ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì kò tíì sí nínú ìtàn yìí. Àwọn kan ti gbìyànjú fún ọmọdé tẹ́lẹ̀: ní MIT láti àárín ọdún 1970 sí 1980, Jeanne Bamberger lo èdè Logo, tí Seymour Papert àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé, láti fi kọ́ wọn ní orin. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì wọ́n nígbà náà, ìsapá náà kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tó tóbi tó káàdì báńkì, tí Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2012. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ń jẹ́ dọ́là 35. Wọ́n ṣe é torí pé wọ́n rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ò mọ kóòdù kọ mọ́ bíi ti àwọn tó ṣáájú wọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń tún ìwé ẹ̀kọ́ kọ lásìkò yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, kíkọ kóòdù di dandan fún ọmọ ilé ìwé ìjọba láti ọmọ ọdún 5. Olùkọ́ púpọ̀ kò mọ ohun tí wọn yóò kọ́ wọn. Ní Yunifásítì Cambridge, Sam Aaron, tó ti bá Jeff Rose kọ èdè orin kan tó ń jẹ́ Overtone, bẹ̀rẹ̀ Sonic Pi ní 2012 fún Raspberry Pi, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Carrie Anne Philbin sì bá a dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Òfin tí Aaron fi de ara rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí kò bá lè kọ́ ọmọ ọdún 10 kò gbọdọ̀ wọ inú èdè náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò gba ju ìlà kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ play 60, á tẹ bọ́tìnnì Run, yóò sì gbọ́ ìró kan: dó tó wà láàárín dùùrù. 62 ni ré, 64 ni mí. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti tó fún ọ̀nà tí ó gba Mathews ní ìrìn àjò lọ sí Manhattan. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ 60, 62 àti 64 sórí ìlà mẹ́ta, á retí dó-ré-mí, kàkà bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn á bú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ pé kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró, àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Ìlà sleep 1 ni wọ́n á fi sáàárín wọn, kí ẹ̀rọ sinmi fún ìlù kan. Kò sí ibi tí olùkọ́ ti lè ṣàlàyé ìtẹ̀léra àṣẹ fún ọmọdé tó yé e tó báyìí, torí etí ló ń fi mọ àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ sleep yìí fún Aaron fúnra rẹ̀ ní wàhálà. Nínú Sonic Pi àkọ́kọ́, bí ẹ̀rọ bá sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò díẹ̀ tí ó fi ṣe ìṣirò á kún un, ìlù kejì á sì pẹ́ díẹ̀, ẹ̀kẹta á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìlù méjì bá jọ ń lọ, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní bára mu mọ́. Etí ọmọdé ń gbọ́ irú àléébù bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Ní 2014, Aaron, Dominic Orchard àti Alan Blackwell ṣàlàyé ojútùú tí wọ́n fi sí i: ètò ní aago tirẹ̀, tí sleep nìkan lè sún, láìka bí ìṣirò ṣe pẹ́ tó, ó ń kọ àkókò tó péye sára ìró kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi í ránṣẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú kí SuperCollider lè gbé e jáde lásìkò. Akẹ́kọ̀ọ́ ò rí nǹkan kan nínú èyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìlù òun ò yẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni live_loop dé, Sonic Pi sì di ohun èlò ojú agbo gan-an, torí tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yí orin padà ní láti dá a dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ ayípo kan lórúkọ, á fi ìró àti ìsinmi sínú rẹ̀, á tẹ Run, yóò sì máa lọ. Bí ó bá yí nọ́ńbà kan padà tí ó tún tẹ Run, èyí tó ń lọ tẹ́lẹ̀ á parí ayípo tirẹ̀, èyí tuntun á sì gba ipò rẹ̀ láìsí pé ìlù já. Bí oníyàálù ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà ni, tí gúdúgúdú kò sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé àmì kan nínú kóòdù tuntun, ètò á fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà, orin àtijọ́ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá gbàgbé láti fi sleep sínú ayípo, ètò á dá ayípo náà dúró, á sì sọ fún un pé kò sinmi. Àwọn ìlànà wọ̀nyí jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ọmọ tó kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan lè dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìfòyà pé ohun gbogbo máa dákẹ́.

Ohun mìíràn tó ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni orí-ló-mọ̀ inú Sonic Pi. Ènìyàn lè ní kí ètò mú ìró tó bá wù ú láàárín mélòó kan, orin tó máa jáde á sì dà bí ohun tí kò ní ìlànà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún un tẹ̀, orin kan náà ni yóò gbọ́, bí ó bá sì fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ohun kan náà ni ọ̀rẹ́ náà máa gbọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn á yí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ padà, á máa dán an wò títí yóò fi kan èyí tó dùn, bí orin á sì ṣe ti ọwọ́ ẹni tí kò tíì mọ orin kọ jáde nìyẹn.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ilé ìwé ń fẹ́ àti ohun tí olórin ń fẹ́. Ilé ìwé ń fi orin fa ọmọ wọ inú kóòdù. Tí ọmọ bá ti mọ ayípo àti àṣẹ onípò, ète ti pé. Aaron kò gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó parí sí, ìdí nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń fi Sonic Pi kan náà kọrin ní àwọn ilé ijó. Owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ àwọn tó ń lo ètò náà ló wá ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró lẹ́yìn tí owó ìwádìí tán.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò dúró lẹ́yìn. Wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ yìí ní Leeds ní oṣù keje ọdún 2015, èyí tó tẹ̀lé e wáyé ní Hamilton ní Kánádà, lẹ́yìn náà ní Morelia ní Mẹ́síkò. Ní Leeds ni Ryan Kirkbride ti kọ FoxDot fún àwọn tó ti mọ èdè Python. Ní 2022, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé MIT gbé ìwé kan jáde lórí gbogbo àṣà náà, èyí tí Blackwell, McLean, Emma Cocker, Geoff Cox àti Thor Magnusson jọ kọ.

Ìṣòro kan ló ṣẹ́kù fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Tidal: ó ní láti kọ́kọ́ fi èdè Haskell sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó fi SuperCollider sí i, kí ó tún fi SuperDirt tó so wọ́n pọ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jáwọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìró kan. Ní 2022, Felix Roos àti McLean bẹ̀rẹ̀ Strudel, tí ó gbé èrò Tidal sínú èdè JavaScript, nítorí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí ènìyàn ní láti fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí i, á kọ orúkọ ìlù méjì, á tẹ Ctrl àti Enter, ìlù á sì bẹ̀rẹ̀. Bí ìlù bá ti ń lọ, Strudel ń fi àmì yí ọ̀rọ̀ tó ń dún lọ́wọ́ ká nínú kóòdù, kí ojú lè máa tẹ̀lé etí. Ctrl àti àmì ìdánudúró ni wọ́n fi ń dá a dúró.